Ìdánwò Ìrìbọmi Ìyá Mi

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Joju, ní Ọ̀tà, èmi ni mo máa ń dúró lápá òsì oníwàásù. Tó bá ti sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, á dákẹ́ díẹ̀, èmi á gbà á lẹ́nu rẹ̀, màá sọ ọ́ ní èdè wa fún àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì apá ọ̀dọ̀ fèrèsé. Ègùn ni wá. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ń pè wá, a sì ń jẹ́ ẹ. Nígbà tí àlejò bá ti Èkó wá wàásù, tó sì jẹ́ pé òyìnbó ló fẹ́ sọ, a máa ń di mẹ́ta níwájú ìjọ: àlejò á sọ tiẹ̀, olùkọ́ kan á sọ ọ́ di Yorùbá, èmi á wá sọ Yorùbá yẹn di Ègùn. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, ó ti rin ìrìn àjò. Bí oníwàásù bá dá àpárá, ìgbà mẹ́ta la máa ń rẹ́rìn-ín sí i, àwọn èèyàn mi ló sì máa ń parí rẹ̀.

Èdè mẹ́rin ni mo gbọ́, kì í sì í ṣe pé mo mọ̀wé. Ègùn là ń sọ nílé, Yorùbá ládùúgbò, òyìnbó níléèwé, pijin sì ni ọ̀gá máa ń fi jágbe mọ́ wa ní ilé iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó. Níléèwé, ọmọ tó bá sọ Yorùbá, olùkọ́ á ní ó sọ fànákúlà, á nà án. Bí èmi bá wá ṣèèṣì sọ Ègùn, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹgba tán nítorí Yorùbá ló máa ń kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á máa sín mi jẹ, wọ́n á máa fọwọ́ ra ìdí tó ń ta wọ́n. Ó máa ń bí mi nínú títí dòní.

Bàbá mi ló kó wa wá sí Ọ̀tà láti abúlé kan lọ́nà Àdó-Odò, nígbà tí ilé iṣẹ́ ń hù bí olú ní Ṣàngó. Ẹrù ló ń gbé sínú ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan, ibẹ̀ ni àyà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, kò sì pẹ́ tó fi kú. Wọ́n sin ín sí ilẹ̀ ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn ilé Ọlọ́run níbẹ̀. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n òfin ìjọ ni pé ẹni tí kò bá tíì ṣe ìrìbọmi kò lè sùn níbẹ̀. Ìyá mi ò tíì ṣe é. Kò bẹ̀rù ikú o. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí wọ́n lọ gbé òun sin síbòmíì, kí bàbá mi wá máa retí òun títí láé. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ tó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ ní ibùdókọ̀.

Ẹja yíyan ni ìyá mi ń tà ní ọjà Ṣàngó, lẹ́bàá Toll Gate. Tó o bá gbọ́ Yorùbá ẹnu rẹ̀ níbẹ̀, wàá rò pé wọ́n bí i síbẹ̀ ni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń ki oníbàárà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ dídùn lé oníyànjẹ lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ọjà ni. Gbé Bíbélì sí i níwájú, ká ní “ìràpadà,” ká ní “ìdáláre,” á kàn máa wò ọ́ ni. Nítorí náà, bàbá Ègùn kan tó ń ṣe káfíńtà ló ń kọ́ òun àtàwọn ìyá yòókù ní kíláàsì ìrìbọmi, ní èdè wa. Bàbá yìí á béèrè, wọ́n á dáhùn. Ìyá mi ni orí rẹ̀ pé jù nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ pátá ló mọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Sáàpù dé, ètò tí ìjọba ní òun fẹ́ fi tún ọrọ̀ ajé ṣe. Ìjọba ní kí a fún ìgbànú le díẹ̀, pé ara á tù wá tó bá yá. Èròjà tí a fi ń ṣe ike, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá, nígbà tí náírà sì wó lulẹ̀, ọkọ̀ ò gbé e wá mọ́. Máṣìnì ń dákẹ́ ní ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dá àwọn èèyàn dúró níṣẹ́, àwọn tí kò lẹ́ni lókè ni wọ́n sì kọ́kọ́ dá dúró. Ṣé Ègùn wá lẹ́ni lókè ni? Àwọn ẹbí wa bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù wọn, àwọn kan padà sí abúlé, àwọn kan gba ẹnubodè kọjá lọ bá èèyàn wọn ní ìhà Kútọnu. Káfíńtà tó ń kọ́ ìyá mi náà lọ. Ó wá dágbére fún wa, ó gbé àga kékeré kan tó kàn sílẹ̀ fún ìyá mi, ó ní kó má gbàgbé ohun tí òun kọ́ ọ.

Bẹ́ǹṣì wa ń ṣófo. Mo ṣì ń dúró lápá òsì oníwàásù lọ́jọ́ ìsinmi, mo ń pariwo bí ẹni pé èrò ṣì pọ̀ níbẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan, mo gbójú sókè, ìyá mi nìkan ló kù lápá ọ̀dọ̀ fèrèsé, pẹ̀lú arúgbó kan tí etí rẹ̀ ti di, tó ń sùn. Ìyá mi ń mi orí sí gbogbo gbólóhùn tí mo ń túmọ̀ kí n má bàa rò pé mò ń sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́.

Alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa jẹ́ ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ọ̀yọ́ ni, èèyàn dáadáa ni pẹ̀lú. N ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ra aṣọ òkú fún bàbá mi. Ohun tó sì máa ń dun bàbá yìí jù láyé ni pé àwọn òbí ń fi òyìnbó tọ́ ọmọ. Ó ti wàásù lé e lórí rí, ó ní ẹni tó bá sọ èdè rẹ̀ nù ti sọ ara rẹ̀ nù, pé tí a kò bá ṣọ́ra, òyìnbó á jẹ Yorùbá run. Èmi ni mo túmọ̀ ìwàásù yẹn fún àwọn èèyàn mi. Mo fi gbogbo agbára mi túmọ̀ rẹ̀, nítorí ó wọ̀ mí lára.

Bàbá yìí kan náà ló ránṣẹ́ pè mí sí ìpàdé ìgbìmọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

“Ọmọ mi,” ó ní, “a ò bá ẹ jà o. Gbogbo ìjọ ló mọ iṣẹ́ tó ò ń ṣe. Ṣùgbọ́n owó epo ti fò sókè, jẹnẹrétọ̀ yìí sì ń mu epo bí ọ̀mùtí. Tí a bá ń sọ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀mejì, ìsìn ń pẹ́. Ta ni a sì ń sọ ọ́ fún? Ìyá ẹ nìkan ló kù. Wọ́n sì gbọ́ Yorùbá. Ìyàwó mi ra ẹja lọ́wọ́ wọn lánàá, ó ní wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọ̀rọ̀ gba gèlè lórí òun.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà,” mo ní, “Yorùbá ọjà nìyẹn. Ti Bíbélì ò yé wọn.”

“Á máa yé wọn díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ayé bá bá ni là á ti jẹ ẹ́.”

Àgbàlagbà kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ọmọ Ọ̀tà gan-an, Àwórì pọ́ńbélé. Ó pòṣé kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àwa tá a ni ìlú gan-an ńkọ́? Mo bá ọmọ-ọmọ mi sọ èdè Àwórì láàárọ̀ yìí, ó ní, ‘Bàbá, ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa.’ Ta ló máa dúró túmọ̀ tiwa?” Mo rò pé ó fẹ́ gbè mí lẹ́yìn ni. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà pé ká dá ìtumọ̀ Ègùn dúró nawọ́, òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

Ká ní wọ́n bú mi ni, ǹ bá mọ ohun tí màá ṣe. Mo lẹ́nu, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń bínú. Ṣùgbọ́n wọ́n pè mí ní ọmọ wọn, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n mú ẹyọ ọsàn kan nínú èyí tó wà lórí tábìlì. Epo wọ́n lóòótọ́. Mo mú ọsàn náà, mo jáde.

Àṣé èyí tó burú ṣì wà níwájú. Nígbà tí ìdánwò ìrìbọmi kù díẹ̀, mo lọ bẹ alága pé kó jẹ́ kí n bá ìyá mi túmọ̀, nítorí òun ló máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe é. Ó ronú sí i dáadáa. Ó ní, “Ọmọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ìyá rẹ̀. Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ lò ń dáhùn? Tí ẹlòmíì bá wà tó gbọ́ Ègùn, mú un wá.” Kò sí ẹlòmíì. Àwọn ilé iṣẹ́ ti lé wọn lọ. Ohun tó sọ sì mọ́gbọ́n dání.

Iwájú gbogbo ìjọ ni wọ́n ti máa ń ṣe ìdánwò yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìyá mi wọ bùbá funfun, ó dúró láàárín àwọn ọmọdébìnrin tí wọn ò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Ó dáhùn ìbéèrè kan, ó dáhùn èkejì. Lẹ́yìn náà ni alága ní kó gba àdúrà Olúwa. Ìyá mi mọ àdúrà yẹn látòkèdélẹ̀, ní Ègùn. Mo rí i tó ń gbé e láti ibì kan lọ sí ibòmíì nínú orí rẹ̀, láìsí ẹni tó bá a gbé e. Yorùbá kan ṣoṣo tó ní ló kó o sí.

“Bàbá wa tó wà lókè,” ó ní, “ẹ kú iṣẹ́ o. Orúkọ yín dáa, kò lábàwọ́n. Ẹ máa bọ̀ wá jọba. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ lókè, ká ṣe é nísàlẹ̀ níbí. Ẹ fún wa lóúnjẹ tòní, kẹ́ ẹ sì fi èènì sí i.”

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn.

“Gbèsè tá a jẹ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbójú kúrò. Àwọn tó rajà wa láwìn, àwa náà ò ní sìn wọ́n mọ́. Ẹ má jẹ́ ká kó sọ́wọ́ gbájú-ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ni ọjà, ẹ̀yin lẹ ni agbára.”

Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti bú sẹ́rìn-ín kó tó ṣe àmín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Àwọn ìyá ń lu ara wọn lẹ́yìn, alága ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa ń ṣe tí oníbàárà bá ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín á rajà. Èmi nìkan ni mi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo dijú. Kò sí ohun tí àdúrà náà fi sílẹ̀ láìsọ, n ò sì tíì gbọ́ ọ kó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé.

“Màmá, ẹ ṣeun,” ni alága wí. “Ẹ lọ kọ́ ọ dáadáa, kẹ́ ẹ padà wá.”

Nílé, ó bi mí ní èdè wa pé, “Èwo ni mo fò níbẹ̀?”

“Ẹ ò fo ìkankan, Ìyá.”

“Kí ló dé tí wọn ò gbà á?”

Mo ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n fẹ́, ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀. Ó ń gbọn eérú kúrò lára ẹja ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Kọ́ mi ní tiwọn.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́, tó bá ti ti ọjà dé, á jókòó sórí àga káfíńtà, èmi á máa pè é, òun á máa gbà á. Mo kọ́kọ́ ń túmọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un. Àmọ́ bí ìtumọ̀ bá ti yé e báyìí, ẹnu rẹ̀ á tún padà sí Yorùbá ọjà, èènì á tún wọ inú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n fi ìtumọ̀ sílẹ̀, pé ìró rẹ̀ nìkan ni kí n máa fún òun. Ó wá kọ́ ọ tìbéèrè-tìdáhùn, pọ̀ mọ́ra wọn, nítorí tí kò bá kọ́kọ́ gbọ́ ìbéèrè lẹ́nu ara rẹ̀, ìdáhùn ò ní jáde. “Ta ló dá ọ? Ọlọ́run ló dá mi. Kí ló dá ọ fún? Láti máa sìn ín.” Á máa kà á lẹ́bàá iná, á máa yí ẹja padà. Láàárín ìgbà yẹn ni ilé iṣẹ́ ike ní kí èmi náà lọ máa sinmi nílé, pé tí èròjà bá dé, àwọn á pè wá. Mo wá ń bá àwọn awakọ̀ di ẹrù sórí ọkọ̀ ní Toll Gate. Wọn ò pè wá.

Ó yege nígbà tó padà lọ. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Alága fò dìde, ó sọ fún ìjọ pé, “Ẹ wo màmá yìí! Àgbàlagbà tó fara balẹ̀ kọ́ èdè wa! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi òyìnbó tọ́ ọmọ, ojú ò tì yín?” Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Ìyá mi yíjú sí mi, ó ń fojú bi mí ohun tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. Kó tó lọ sílé, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ó dúró síbi àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, ó fẹsẹ̀ wọn ibẹ̀ wò. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn lọ́jọ́ yẹn, kí n má parọ́.

Láàárọ̀ kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ tó ń gbàdúrà. Tẹ́lẹ̀, tí ìyá mi bá ń gbàdúrà láàárọ̀, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́: á bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ ẹja, á fẹjọ́ onílé sùn ún, á dárúkọ àwa ọmọ níkọ̀ọ̀kan, ní Ègùn, bí ẹni ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn ni, “Ta ló dá ọ? Ọlọ́run ló dá mi. Kí ló dá ọ fún?” Ó kà á dé òpin, ó ṣe àmín, ó gbé igbá ẹja rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, àdúrà yín àtijọ́ ńkọ́?”

Ó ní, “Wọ́n ti ní kí ògbufọ̀ jókòó. Ta ló máa bá mi túmọ̀ rẹ̀ fún un?”

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Gbogbo ọdún tí mo fi dúró lápá òsì oníwàásù, ohun tí ìyá mi rò ni pé ọ̀nà méjèèjì ni mo ń túmọ̀ sí, pé èmi náà ni mo ń bá òun sọ àdúrà òun di Yorùbá fún Ọlọ́run. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Mo ní Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè. Ó ní tó bá gbọ́ ọ, kí ló dé tí àwọn èèyàn rẹ̀ kò fi gbà á lọ́wọ́ òun? Mo mú pásítọ̀ ìjọ wa wá sílé. Pásítọ̀ jókòó tì í, ó fi Yorùbá tó jinlẹ̀ ṣàlàyé fún un pé kò sí èdè tí Ọlọ́run ò gbọ́. Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí pásítọ̀ parí, ó ní, “Àmín.”

Lẹ́yìn náà ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó kọ́kọ́ ń fi pa mọ́, títí kò fi lè gbé igbá mọ́. Ní ọsibítù, wọ́n kọ oògùn fún wa pé ká lọ rà á níta. Èyí tí agbára wa ká la rà, a kò rí ìyókù rà. Ó wà lórí ibùsùn nínú yàrá wa ní Joju, ó rù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Ìrora náà dé, ó di etí ibùsùn mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kíákíá, bí ẹni tó ń sáré: ta ló dá ọ, Ọlọ́run ló dá mi, kí ló dá ọ fún, láti máa sìn ín. Òógùn bò ó. Nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Ìwọ lo gbọ́ ọ,” ó ní. “Kí ni mo sọ fún un?”

Mi ò lè parọ́ fún un. “Ẹ sọ fún un pé òun ló dá yín.”

“Ìyẹn, ó mọ̀ ọ́n. Inú tó ń run mí ńkọ́?”

“Ẹ ò tíì sọ ìyẹn, Ìyá. Ẹ sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ ní ti wa. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá yín, bẹ́ ẹ ṣe máa ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ó máa gbọ́ ọ.”

Ó jọ̀wọ́ etí ibùsùn sílẹ̀.

“Kí òun náà wá fi mí rẹ́rìn-ín?”